Ẹ Yé Sọ fún Dókítà Pé "A Dúpẹ́"

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 27, tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe, wá láti Igbógbó. Ó ti gẹrun fún un, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ìpara pa á títí ó fi ń dán. Dókítà bi í pé báwo ni. Ìyá fèsì: "A dúpẹ́, sà. Ara rẹ̀ ti ń yá." Ohun tí dókítà kọ sílẹ̀ náà nìyẹn. Wọn ò rí ìwé ẹ̀rí aláàbọ̀ ara tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá gbà, owó ọkọ̀ láti Sábó dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá sì wọgbó.

Ní Ìkòròdú níbí, àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń rí nìyí. Ta lẹ ń tàn jẹ? Ọjọ́ tó burú jù ni kí ẹ sọ.

Ẹ ra ìwé eléwé 40. Fún ọjọ́ 30, ní alaalẹ́, ẹ kọ ìlà mẹ́ta: wákàtí tó fi sùn, ohun tó jẹ, ohun tí kò lè dá ṣe. Báyìí: "Ọjọ́ 4. Kò sùn. Ẹ̀bà ẹ̀ẹ̀kan. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́." Ẹ má kọ àdúrà sí i, àdúrà ní àyè tirẹ̀.

Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn àti páálí oògùn dání. Kí orúkọ tó wà lórí káàdì bá ti NIN mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, lẹ ó ti forúkọ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí onígbà díẹ̀ tí dókítà lè kọ kì í kọjá ọjọ́ 180. Tó bá ti pé 150, ẹ padà lọ.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2019 ní kí ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, kó sì wà níwájú ìlà. Ó ya ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ ọba sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Kò mẹ́nu kan owó oṣù. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín gba owó oṣù jáde, gbájúẹ̀ ni.

Ọmọ yín ti dàgbà, òun ni kó fọwọ́ síwèé tàbí kó tẹ̀ka. Ẹ má fi í sílé, ẹ má sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ní kò sóhun tó ń ṣe òun, ẹ má bá a jà níbẹ̀. Ẹ fa ìwé eléwé 40 yẹn yọ, kí ẹ gbé e síwájú dókítà.