Ọ̀pá Ìbọn Ọdẹ: Kí Ni Kó Gùn Tó? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbọn tí à ń sọ níbí ni èyí tí a ń ki ẹ̀tù dúdú àti ọta róbótó sí láti ẹnu, yálà òkúta ló ń ṣáná sí i tàbí kápù, ìyẹn ìdérí kékeré tó máa ń ṣáná tí òòlù ìbọn bá lù ú. Ọ̀pá ìbọn ni irin gbọọrọ tí ọta ń gbà jáde. Ibi tí ẹ̀tù jókòó sí ní ìdí ọ̀pá la ti ń wọn gígùn rẹ̀ títí dé ẹnu.

Ìbéèrè: Ọ̀pá ìbọn mi gùn ní ínṣì 42. Tí mo bá gbé e séjìká, ẹnu rẹ̀ á máa fà wálẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí apá òsì mi á fi máa gbọ̀n. Mo ń ta àtaṣì. Ṣé kí n gé e ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ayùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwúwo ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe gígùn, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn méjèèjì.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀pá onígun mẹ́jọ tó nípọn bákan náà láti ìdí dé ẹnu, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 15/16, tí ihò rẹ̀ sì jẹ́ .50 (ìyẹn ìdajì ínṣì), máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 68 ní ínṣì kọ̀ọ̀kan. Tó bá gùn ní ínṣì 32, ó ti tó kílò 2.2. Tó bá di ínṣì 42, ó ti ń lọ sí kílò 2.9. Gbogbo ohun tó lé yẹn, iwájú lọ́hùn-ún ló wà, níbi tó jìnnà sí ara yín jù lọ. Ìyẹn ló ń pa apá.

Ìdí nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn àtijọ́ ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ṣe ọ̀pá tó lé ní ínṣì 40, kì í fi í jẹ́ kó nípọn bákan náà jálẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó ki nídìí níbi tí ẹ̀tù ti ń bú, kó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, kó sì tún fẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Tí ẹ bá gbé irú rẹ̀, ẹnu yóò yà yín: ó gùn, síbẹ̀ ó dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́. Ihò tó tóbi náà ń ranni lọ́wọ́. Tí ìbú ìta ọ̀pá méjì bá dọ́gba, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ .54 fúyẹ́ ju ti .50 lọ, nítorí irin tó wà lára rẹ̀ kéré sí i.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan kan nínú ìbọn: ẹ ti igi ìkìbọn wọ inú rẹ̀ títí tó fi kan ìdí, ẹ fi èékánná di ibi tó bá ẹnu dọ́gba, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì fi í lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá níta. Tí kò bá dé ìdí, nǹkan wà níbẹ̀. Tó bá ṣófo, ẹ gbé ìbọn lé ìka kan títí kò fi ní tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́, kí ẹ sì sàmì síbẹ̀. Tí àmì yẹn bá jìnnà sí iwájú ibi tí ọwọ́ òsì yín máa ń dì mú, ẹ ti rí ẹni tó ń pa apá yín. Ọ̀pá tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín lè yanjú ọ̀rọ̀ náà láìdín ínṣì kan kù.

Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀pá tó gùn ju tirẹ̀ lọ náà lè dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kó so àpò iyanrìn kékeré tó wọn gíráàmù 270 mọ́ ẹnu ìbọn tó ṣófo, kó sì máa gbé e séjìká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwúwo ínṣì mẹ́rin nìyẹn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ọ̀pá gígùn ló ń fún ọta lágbára. Tí mo bá lo ínṣì 28, ṣé ẹran ò ní gbé ọgbẹ́ sá lọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni agbára ẹ̀tù ṣe ń ti ọta pẹ́ tó. Àmọ́ èrè yẹn kì í pọ̀ mọ́ tí ọ̀pá bá ti tó bí ínṣì 28, ọta róbótó kì í sì í pa eré mọ́ lójú afẹ́fẹ́. Èyí tó bá ń sáré gan-an bó ṣe ń jáde ti máa ń pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta eré rẹ̀ lọ kó tó dé yáàdì 100. Ìyàtọ̀ kékeré tí ọ̀pá gígùn fún un lẹ́nu ìbọn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nígbà tó bá fi máa bá ẹran.

Ohun tó ń jẹ́ kí ẹran gbé ọgbẹ́ lọ ni pé ọta ò bá a níbi tó yẹ. Ẹ sún mọ́ ọn sí i. Ẹ má ṣe torí pé ọ̀pá kúrú kí ẹ wá máa rọ ẹ̀tù kún ẹ̀tù: òṣùwọ̀n tí ẹni tó ṣe ìbọn náà fi lélẹ̀ ni òpin. Ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín kò gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀ rárá, ó lè fa ọ̀pá ya mọ́ yín lójú.

Ìbéèrè: Ojú mi ti ń dàgbà. Ṣókí tó wà lẹ́nu ìbọn, tí mo fi ń fojú sùn, ń ṣe mí bàìbàì.

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀pá gígùn ti sàn jù nìyí, mi ò sì ní fi pa mọ́ pé òun ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tí ṣókí iwájú bá jìnnà sí ojú, ó máa ń mọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àyè tó wà láàárín ṣókí ẹ̀yìn àti ti iwájú. Ká ní ó jẹ́ ínṣì 20, tí ṣókí iwájú sì yẹ̀ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ínṣì péré, ọta á yẹ̀ ní ínṣì 0.9 ní yáàdì 50. Tí àyè náà bá jẹ́ ínṣì 30, ínṣì 0.6 ni. Bí ẹ ò bá sì lè gbé èyí tó gùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún ṣókí ẹ̀yìn síwájú díẹ̀, kó má bàa sún mọ́ ojú jù.

Ìbéèrè: Inú igbó dídí ni mo ti ń ṣọdẹ.

Ìdáhùn: Ẹ mú ínṣì 28 sí 32. Ìbọn kúkúrú àwọn ọdẹ Jámánì àtijọ́ pa ẹran dáadáa nínú irú igbó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ṣì fẹ́ gé e. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọta ti ń kúrò lára irin kẹ́yìn, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá sì ga ju èkejì lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná á ti ẹ̀gbẹ́ kan jáde ṣáájú, á sì taari ọta. Mo ti rí ọ̀pá kan tí wọ́n fi ayùn ọwọ́ gé: gbogbo ègé aṣọ tí wọ́n fi wé ọta ló ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ẹ̀rọ ìyípo ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Tó bá parí, ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa etí ihò náà yí ká. Tí òwú bá kọ́ níbì kan, iṣẹ́ ò tíì tán. Wọ́n á tún ní láti gé igi ìkìbọn, kí wọ́n gbẹ́ ojú ṣókí iwájú tuntun, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí pátákó látòkèdélẹ̀, láti yáàdì 25.