Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Alángbá Onírùngbọ̀n Nínú Ilé

Inú aṣálẹ̀ àti pápá gbígbẹ ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà ni alángbá onírùngbọ̀n ti ṣẹ̀ wá. Níwọ̀n bí ìjọba ibẹ̀ kò ti gbà kí a kó wọn jáde fún títà, àwọn tí a bí sínú ilé ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sìn wọ́n ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè lo ọdún 10 sí 15 láyé, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń rà fún ọmọdé láìronú.

Ẹ ṣètò ilé rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Àpótí onígíláàsì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, tí ìbú àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ 60, ló yẹ èyí tó ti dàgbà. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ fi síbẹ̀, torí pé wọ́n máa ń bá ara wọn jà. Ẹ tẹ́ bébà tàbí táìlì sí ìsàlẹ̀, nítorí iyanrìn tí ọmọ rẹ̀ bá gbé mì lè dí i nífun.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, òun ló sì gba àkíyèsí jù, ó ju ti oúnjẹ lọ. Ẹ gbé gílóòbù tó ń mú ooru wá sí apá kan, kí òkúta pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè gbóná tó 38 sí 42°C, kí apá kejì sì wà ní nǹkan bí 25°C, kí ó lè ríbi sá sí. Ìdílé kan náà ni òun àti alángbá tó ń yáàrùn lórí ògiri wa láàárọ̀: bí ara rẹ̀ kò bá tíì gbóná, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Ohun ìwọ̀n ooru ni kí ẹ lò ní apá méjèèjì, ẹ má fọwọ́ díwọ̀n. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ pa gbogbo iná.

Gílóòbù ooru nìkan kò tó. Ó nílò iná gbọọrọ tó ń mú UVB jáde, ìyẹn irú ìtànṣán oòrùn kan tí ojú wa kò lè rí, tí yóò máa tàn fún nǹkan bí wákàtí 12 lójúmọ́, nítorí ìtànṣán yìí ni ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D3, èyí tó ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọ ara. Láìsí i, egungun rẹ̀ yóò rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wọ́. Oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé kò lè rọ́pò rẹ̀, torí pé gíláàsì ń dí ìtànṣán náà lọ́nà. Bákan náà, iná yìí lè máa tàn lójú wa nígbà tí agbára UVB rẹ̀ ti tán, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é bá ṣe sọ.

Kòkòrò, bí ìrẹ̀ àti aáyán tí a sìn fún un, ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ jù. Èyí tó ti dàgbà ń jẹ ewé tútù àti elégédé tí a gé wẹ́wẹ́. Kí kòkòrò má ṣe tóbi ju àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, kí ẹ sì bu ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù sí i lára. Tanátaná àti píà lè pa á.

Bí irùngbọ̀n rẹ̀, ìyẹn awọ abẹ́ ọ̀fun rẹ̀, bá wú tó sì dúdú, ẹ fi í sílẹ̀, inú ń bí i ni. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e, torí kòkòrò àrùn Salmonella, ẹ má sì fọ abọ́ rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ yín.