Bílíìṣì 3.5% di 0.5%: lítà 10 tó da ìṣirò rú

Bílíìṣì inú ike jẹ́ 3.5%, 0.5% la fẹ́ fi nu ilẹ̀. Ìṣirò ní ká lo lítà 1.43. A dà á sínú omi lítà 10, àmọ́ nǹkan bí 0.44% ló jẹ́. Omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí: tí x bá jẹ́ iye lítà bílíìṣì, 0.035x = 0.005 × 10 ló bí 1.43, lítà 10 ibẹ̀ sì jẹ́ àpapọ̀ omi àti bílíìṣì. Omi tó yẹ kò ju lítà 8.57 lọ. Àwa ti bu omi kún 10 kí bílíìṣì tó wọlé, ni gbogbo rẹ̀ bá di 11.43.

Tí omi bá ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, x gbọ́dọ̀ wà lápá méjèèjì:

0.035x = 0.005(10 + x)
0.035x = 0.05 + 0.005x
0.03x = 0.05
x = 1.67

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 0.035x jẹ́ 0.0583, àpapọ̀ sì jẹ́ lítà 11.67; 0.0583 ÷ 11.67 = 0.005. Ó pé.

Àṣìṣe yìí kan náà ló wà nínú ìlànà "bílíìṣì ife 1 sí omi ife 7". Lóòótọ́, 3.5 ÷ 0.5 jẹ́ 7, ṣùgbọ́n ife bílíìṣì wà lára 7 yẹn. Omi ife 6 ni. Ẹ ka ara ike dáadáa o, torí tó bá jẹ́ 5%, omi ife 9 ni. Bílíìṣì tó ti pẹ́ nínú oòrùn kì í lágbára tó iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mọ́, x kò sì lè tún ìyẹn ṣe.