Bí a ṣe ń wá ìdí tí mọ́tò àtijọ́ fi ń gbọ̀n lójú ọ̀nà

Mọ́tò tó ti lo ogún ọdún kì í ṣàdédé gbọ̀n. Nǹkan kan ti jẹ, tàbí ó ti tú, tàbí kò yí bó ṣe yẹ mọ́. Ohun tó ń jẹ owó àwọn onímọ́tò ni pé wọ́n á kọ́kọ́ ra páàtì, wọ́n á wá máa wò ó bóyá yóò dáwọ́ dúró. Ẹ má ra nǹkan kan títí ẹ ó fi lè sọ ìgbà tó ń gbọ̀n gan-an.

Rímù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó máa ń rọ̀ mọ́ inú rímù níbi tí ojú kì í tó, á sì gbẹ síbẹ̀ bíi bíríkì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lápá kan ṣoṣo ti tó láti da báláǹsì wíìlì rú. Ẹ tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú wọn. Bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, ẹ wo etí rímù dáadáa: bí ojú ibì kan bá mọ́ rekete, tó gùn tó ìka kan, tí gọ́ọ̀mù ṣì wà lára rẹ̀, òjé báláǹsì, òjé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ rímù kí wíìlì lè yí dọ́gba, ló ti já níbẹ̀. Ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yí ká. Ibi tó bá wú bí eéwo, wáyà inú rẹ̀ ló ti já; kò sí báláǹsì tó lè tún un ṣe, ẹ yọ ọ́ dànù. Ní ti táyà tòkúnbọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Èyí tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ má gùn ún, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Ẹ wá gbé e jáde. Títì Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́ kò ṣeé dánwò, èrò pọ̀ jù níbẹ̀; ẹ wá ibi tó tẹ́jú ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tàbí Iléṣà, láàárọ̀ kùtù, kí ẹnì kan jókòó tì yín, kó máa kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀.

Bó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín 80 sí 110 km ní wákàtí, tó sì rọlẹ̀ bí ẹ bá dín eré kù, wíìlì ni. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, iwájú ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ìjókòó, ẹ̀yìn ni. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ tẹ tọ́tù, tó dákẹ́ bí ẹ ti gbé ẹsẹ̀, orí sàáfù (irin tó ń gbé agbára láti gíàbọ́ọ̀sì lọ sí táyà) tó wà lápá gíàbọ́ọ̀sì ló ti jẹ. Èyí tó wà lápá táyà ní tirẹ̀ máa ń dún ká-ká-ká bí ẹ bá ń kọrí yípo, gíríìsì á sì ti ta sára rímù láti inú rọ́bà tó ya. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ bíréékì nìkan ni, dísìkì kò tẹ́jú mọ́. Wọ́n lè fá a, ṣùgbọ́n ẹ fi kálípà ìwọ̀n (kì í ṣe ti bíréékì) wọ̀n ọ́n ná: bó bá ti tín-ín-rín ju nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, ẹ fi táyà sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa bíréékì ọwọ́, ẹ tẹ bíréékì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá gbé gíà láti D sí R. Ẹni tó ń wo ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe dúró níwájú láé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fò sókè bíi pé ó fẹ́ jáde, ẹ́ńjìn sítì ti bàjẹ́. Bí kò bá fò, tí iná ẹ́ńjìnnì sì ń ṣẹ́jú nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò jóná pé. Ka ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò kọ P0301, ìyẹn ni pé sìlíńdà nọ́ńbà 1 ni kò jóná pé, tí pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́ìlì tirẹ̀, ẹ fi kọ́ìlì nọ́ńbà 1 sípò 3, kí ẹ fi ti 3 sípò 1. Bó bá di P0303, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bí kò bá kúrò, ẹ wo pílọ́ọ̀gì.

Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, ẹ fi irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í: bó bá yẹ̀, bíárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ni. Bó bá jẹ́ láti ọ̀tún sí òsì ló yẹ̀, ẹ wo táì rọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá ń dá wíìlì padà, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi páìpù gígùn fún nọ́ọ̀tì pa. Ohun tó ń ba dísìkì tuntun jẹ́ nìyẹn. Ẹ máa di èyí tó dojú kọra wọn tẹ̀ léra. Ti Camry, 103 Nm ni ìwọ̀n bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀tì fún tó. Lẹ́yìn àlọ àti àbọ̀ Oǹdó kan, ẹ tún fi sípánà kàn wọ́n wò.