Bẹ́ẹ bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ àáké, ihò ẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́

Èèyàn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àgbẹ̀dẹ, ẹnu àáké ló máa ń kánjú dé, torí ibẹ̀ ló ń dán tó sì ń mú. Àmọ́ ihò tí igi máa wọ̀ gan-an niṣẹ́ wà o. Tíyẹn bá ti wọ́, ẹ lè lọ ẹnu ẹ̀ títí ilẹ̀ máa fi ṣú, kò ní gún mọ́.

Ẹ wọ aṣọ òwú, náílọ́ọ̀nù máa yọ́ mọ́ yín lára. Ẹ wọ gíláàsì ojú. Irin tí wọ́n bá fi síńkì bò, ẹ má kì í bọná rárá, májèlé lèéfín ẹ̀. Irin tó ti dúdú padà ṣì lè jó yín, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ gbé sún mọ́ ọn.

Ní ti irin, irú irin líle tí wọ́n ń pè ní 4140 ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó ń le dáadáa nínú epo, kì í sì í tètè sán. Ẹ jẹ́ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kó fẹ́ẹ̀ máa yẹ́lò kẹ́ẹ tó lù ú, tó bá ti ń ṣókùnkùn ẹ dá a padà síná, torí lílu irin tútù ló ń jẹ́ kó sán. Tó bá wá ń ta pàrà nínú iná, ó ti ń jóná nìyẹn.

Ó wá kan ihò. Ẹ sàmì sáàárín gbùngbùn lójú méjèèjì, kẹ́ẹ gbé pọ́ńsì pẹlẹbẹ (irin tí wọ́n fi ń lu ihò) lé e, ẹ lù ú bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ẹ yọ pọ́ńsì náà, ẹ rì í bọ omi, ẹ tún padà, torí tó bá pẹ́ níbẹ̀ ó máa há. Tó bá kù díẹ̀ kó lu, ẹ yí irin náà padà, ẹ máa rí ibì kan tó dúdú ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ẹ lù tí èyí tó wà láàárín á fi já bọ́. Ẹ wá fi irin tó rí róbótó gígùn fẹ ihò náà láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, kí àárín ẹ̀ fún díẹ̀, ìyẹn ló máa di igi mú. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá nípọn ju èkejì, ẹ fi irin yẹn sínú ihò kẹ́ẹ lu ẹ̀gbẹ́ tó nípọn. Ẹ má fojú fo èyí o, mo bẹ̀ yín!

Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa wá tẹ́ ẹnu ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣì nípọn tó mìlímítà 2.

Ẹ gbé e gbóná títí mágínẹ́ẹ̀tì ò fi ní fà á mọ́ (ìyẹn ti ju 770°C lọ), ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tún gbé e gbóná, kẹ́ẹ wá ri ẹnu ẹ̀ nìkan bọ epo tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Tí fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin bá ń yọ̀ lórí ẹ̀, ó ti le. Ojú ẹsẹ̀ ni kó wọ ààrò 200°C fún wákàtí 2, lẹ́ẹ̀mejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa kán bí àwo.

Tẹ́ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ máa rì í bọ omi, tó bá ti di búlúù, líle ẹ̀ ti lọ. Igi gbígbẹ tí ìlà ara ẹ̀ gún látòkè délẹ̀ ni kẹ́ẹ kì bọ̀ ọ́, kẹ́ẹ la orí igi náà kẹ́ẹ sì gbá pátákó kékeré sí i kó fi há pinpin.