Bí Mo Ṣe Fi Ìda Dáàbò Bo Ọ̀dà Ọkọ̀ Mi Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Toyota Corolla ọdún 2010 ni ọkọ̀ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, dúdú ni àwọ̀ rẹ̀, tòkúnbọ̀ ni mo sì rà á. Ìta gbangba ni ó ń sùn ní ilé wa ní Ìbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò kan tí àwọn ẹyẹ ti fi ṣe ibùgbé. Ẹni tó bá ti ní ọkọ̀ dúdú rí yóò mọ ohun tí ojú mi ń rí: oòrùn ọ̀sán, ìgbẹ́ ẹyẹ, oje máńgòrò, àti eruku ọyẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà pé àná ni a fọ ọkọ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé rẹ̀ ti ń ṣá bí aṣọ tí a sá sóòrùn jù, mo sì pinnu pé ọyẹ́ kò tún ní bá a báyìí.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ kò pẹ́ rárá. Mo lọ sí ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agodi Gate, mo ní kí wọ́n fún mi ní ohun tí ń mú ọkọ̀ dán, agolo tí ọmọkùnrin tó ń tajà náà sì gbé fún mi ni mo sanwó rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Orí ló bá mi ṣe é tí mo fi kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ pẹ́ńtà tó kun ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọwọ́ òsì fún mi ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nígbà tí ọlọ́kadà kan fi họ ọ́. Bàbá náà ṣí agolo, ó fi ìka bù díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò rà á létí ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe dún, ó wá rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá mi, kọ́ńpáǹdì lẹ rà yìí o, kì í ṣe ìda. Èyí ń jẹ ara ọ̀dà ni. Ìda ní tirẹ̀, orí ọ̀dà ló ń jókòó sí.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọ̀dà ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀dà ìpìlẹ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ wà láàárín, lórí rẹ̀ ni wọ́n wá fín èyí tí kò láwọ̀ sí, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní “clear”. Òun ni a ń rí tó ń dán, òun náà ló sì ń jẹ ìyà oòrùn. Ìnípọn rẹ̀ lára ọkọ̀ tó ti iléeṣẹ́ jáde sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 0.04 sí 0.05 mílímítà, kò tó ti ìwé tí a fi ń kọ lẹ́tà. Iyanrìn kíkúnná ló wà nínú kọ́ńpáǹdì. Bí ó bá ń mú kí ojú ibi tó họ pòórá, ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń fá clear yìí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó wúlò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, àmọ́ àwọn kan wà nídìí iṣẹ́ ìfọkọ̀ tó jẹ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń fi í ra ọkọ̀ oníbàárà, oníbàárà á máa dúpẹ́ nítorí dídán, ọ̀dà rẹ̀ á sì máa tán lọ. Ìda kì í fá ohunkóhun. Òun ni oòrùn, òjò àti ìgbẹ́ ẹyẹ yóò kọ́kọ́ bá jà. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, a ó fi òmíràn rọ́pò.

Mo padà sí ọjà, wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀, mo fi owó lé e. Lọ́tẹ̀ yìí mo fara balẹ̀ ka ara agolo. Ìda oyin ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba wa. Òun ni àwọn tó ń da idẹ fi ń mọ ère kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń yọ́, bẹ́ẹ̀ òrùlé ọkọ̀ dúdú lọ́sàn-án oṣù kejì kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè dúró lé lórí. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lára agolo ni carnauba, tí kì í yọ́ títí yóò fi kọjá 80. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ pé ọ̀pẹ ni igi rẹ̀. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì ló ń hù sí, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ceará àti Piauí tí ọ̀dá ti máa ń dá. Igi náà ń fi ìda bo ewé ara rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ. Wọ́n á gé imọ̀ rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á sì lù ú kí ìda ara rẹ̀ lè gbọ̀n sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣeé fi pa ọkọ̀ láìfi òróró àti èròjà mìíràn rọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí agolo kan bá ń pariwo pé ògidì carnauba ni òun, carnauba inú rẹ̀ ló jẹ́ ògidì, kì í ṣe gbogbo ohun tó kún agolo.

Dídán carnauba lára ọkọ̀ dúdú kò láfiwé, ó ń jinlẹ̀ bí omi inú kànga, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló sábà máa ń lò. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tó ń ṣàn bí ìpara inú ìgò, kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó lè lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Oríṣi kẹta tí wọ́n ń pè ní ceramic a máa lo ọdún, owó rẹ̀ náà a sì máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ọkọ̀ wọn ní ilé. Ọkọ̀ mi kò ní gáréèjì, èmi náà kò sì ní Sátidé lọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ni mo mú.

Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ni mo ṣiṣẹ́ náà, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo sì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ara irin gbọ́dọ̀ tutù. Mo kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan eruku dànù, torí pé ẹni tó bá fi àkísà nu eruku gbígbẹ ti fi iyanrìn ha ọkọ̀ ara rẹ̀. Báàkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo lò, ọ̀kan fún ọṣẹ ìfọkọ̀, èkejì fún ṣíṣan fóòmù kí n tó tún ti í bọ ọṣẹ. N kò lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, nítorí pé ó ń bó ìda. N kò sì jẹ́ kí kànrìnkàn sún mọ́ ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tán tí mo rò pé ó mọ́, mo ki ọwọ́ bọ inú láílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo sì rọra fi ra ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láílọ́ọ̀nù a máa jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ ohun tí ojú kò rí. Ṣákaṣàka ni ibẹ̀ ń ṣe bí iyanrìn orí símẹ́ńtì: oje igi, ọ̀dà ojú títì àti ìpáǹtí irin tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ni. Amọ̀ ìfọkọ̀, tó rọ̀ bí iyán tútù, ni mo fi yọ wọ́n. Mo ń fi omi ọṣẹ wọ́n ojú ibẹ̀, mo ń fi amọ̀ náà yọ̀ ọ́ lọ yọ̀ ọ́ bọ̀, títí tí ariwo ṣákaṣàka fi dákẹ́. Amọ̀ tó funfun nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn. Ọ̀kan já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí iyanrìn, mo sì ní láti jù ú nù, torí iyanrìn tó bá ti wọ inú rẹ̀ kò ṣeé yọ mọ́. Bí kì í bá ṣe pé mo ti pín in sí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ni, iṣẹ́ ì bá ti tán lọ́jọ́ náà.

Ìda fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà mẹ́ta péré ni mo ń kán sórí fóòmù fún ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń tẹ́ ẹ tín-ínrín débi pé ojú ibẹ̀ kàn máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ bí gíláàsì tí a mí sí. Bí ó bá gbẹ, mo á fi ìka fa ilà kan lórí rẹ̀. Bí ilà náà bá mọ́ láìfa ọ̀rá, mo á fi aṣọ microfiber nù ún kúrò. Òrùlé àti àwọn ilẹ̀kùn mẹ́ta lọ wẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn kẹrin, èyí tí wọ́n kùn, ni mo yọ sílẹ̀, nítorí pé pẹ́ńtà ti kìlọ̀ pé ọ̀dà tuntun ṣì ń mí, kí n fún un ní oṣù mẹ́ta.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo fi ṣe àṣekágbá, ibẹ̀ sì ni ìwọra ti wọ ọ̀rọ̀. Oòrùn ti ń yọ lẹ́yìn òrùlé aládùúgbò, ebi ń pa mí, mo sì rò pé bí ó bá nípọn yóò pẹ́. Mo da á sí i púpọ̀, mo pa gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo wọlé lọ mu ẹ̀kọ. Nígbà tí mo jáde, ó ti gan pa, aṣọ kò ràn án. Ṣe ni ó ń fa ilà funfun kiri. Omi gbígbóná kò ràn án pẹ̀lú. Ohun tó gbà mí ni pé mo ti ọkọ̀ sẹ́yìn sí abẹ́ ibòji, mo fi ìda tuntun díẹ̀ lé èyí tó gan náà lórí, èyí tó rọ̀ ọ́, mo sì ń nù ún lójú ẹsẹ̀, ibi tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan. Rọ́bà dúdú abẹ́ gíláàsì iwájú náà gba tirẹ̀, funfun rẹ̀ kò lọ tán títí di òní bí mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọṣẹ gbo ó tó. Ì bá dára bí mo bá ti lẹ téèpù àwọn pẹ́ńtà mọ́ ọn kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku ṣì ń bà lé ọkọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi lásán ti ń ṣàn án lọ, omi náà a sì máa kó ara rẹ̀ jọ wínníwínní bí ìrì orí ewé kókò. Ìgbẹ́ ẹyẹ tí mo bá rí ní àárọ̀, mo lè fi aṣọ tútù mú un. Èyí tó lo ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí mo rin ìrìn àjò fi àmì sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀tù, ìda kò lè gba gbogbo ìyà náà. Ìparí oṣù yìí ni oṣù mẹ́ta ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yóò pé. Ìda inú ìgò ṣì ju ìdajì lọ, mo sì ti ra téèpù.