Bí mo ṣe fi Python ti fáìlì pa láti inú ètò fúnra rẹ̀

Ètò kan wà tí mo kọ ní Python, tó ń kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà sínú `onibara.csv` lálaalẹ́ lórí server Linux kan. Èmi nìkan kọ́ ló ń lo server náà. Mo tẹ `ls -l` láti wo àṣẹ fáìlì náà, ohun tó gbé wá ni `-rw-r--r--`, ìyẹn 644: èmi lè kà á kí n sì kọ sí i, ẹgbẹ́ àti àwọn yòókù lè kà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè wọlé síbẹ̀, tí fódà náà kò sì dí i lọ́nà, lè ka nọ́ńbà wọn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Èyí kò dáa rárá, nítorí àwọn tó ni nọ́ńbà kò mọ̀ pé ó wà ní gbangba. Mo fẹ́ kí ètò náà fúnra rẹ̀ sọ fáìlì di 600, ìyẹn kí èmi nìkan lè kà á kí n sì kọ sí i.

Ibi tí 644 ti wá kò ṣòroó rí. `open()` máa ń bèèrè 666 lọ́wọ́ Linux, umask, ìyẹn ètò tó ń sọ àṣẹ tí fáìlì tuntun kò ní gbà, á sì yọ tirẹ̀ kúrò. Umask ibẹ̀ jẹ́ 022: ó gba àṣẹ àtikọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àti àwọn yòókù, ó fi àṣẹ àtikà sílẹ̀ fún wọn.

`os.chmod` ló ń yí àṣẹ fáìlì padà. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: `os.chmod("onibara.csv", 600)`. Python kò ráhùn, àmọ́ `ls -l` wá ń fi `---x-wx--T` hàn, èmi tí mo ni fáìlì ò sì lè kà á mọ́. Ohun tó fà á ni pé 600 orí fáìlì kì í ṣe ẹgbẹ̀ta. Ìkàye onímẹ́jọ ni, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ọ̀kan fún ẹni tó ni fáìlì, ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan fún àwọn yòókù: 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 ni mímú ṣiṣẹ́. Python ka tèmi sí ẹgbẹ̀ta lóòótọ́, ẹgbẹ̀ta sì jẹ́ 1130 nínú ìkàye onímẹ́jọ. 1 àkọ́kọ́ ló bí T ìparí yẹn, 1 kejì ni x tó bọ́ sọ́wọ́ mi, 3 ni wx tí ẹgbẹ́ gbà. `0o600` ló yẹ kéèyàn kọ, òdo àti lẹ́tà o níwájú. Ẹni tí Python 2 ti mọ́ lára lè kọ 0600. SyntaxError ni Python 3 máa fi dá a lóhùn, inú mi sì dùn sí i, torí ó sàn kí ó kọ̀ ju kí ó ṣe ohun mìíràn lábẹ́lẹ̀.

Mo tún un kọ, ó di `-rw-------`. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ máa ń dúró sí, àmọ́ àlàfo ṣì wà. `open()` ti dá fáìlì sílẹ̀ ní 644 kí `chmod` tó dé. Ìgbà tí èèyàn bá ń ṣí fáìlì ni Linux ń yẹ àṣẹ wò. Ẹni tó bá ti ṣí i láàárín àkókò díẹ̀ yẹn á máa kà á lọ, `chmod` ò lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí fáìlì ti wà ní títì láti ìgbà tí a bá ti dá a:

```
fd = os.open("onibara.tuntun",
             os.O_WRONLY | os.O_CREAT | os.O_EXCL, 0o600)
with os.fdopen(fd, "w") as f:
    f.write(data)
os.replace("onibara.tuntun", "onibara.csv")
```

Má ṣe yọ `O_EXCL`. 0o600 inú `os.open` kì í ṣiṣẹ́ àfi tí fáìlì bá jẹ́ tuntun. Tó bá bá èyí tó ti wà ní 644 tẹ́lẹ̀, 644 náà ló máa wà. `O_EXCL` á ju FileExistsError dípò ìyẹn. Bí ètò bá kú láàárín iṣẹ́, `onibara.tuntun` á ṣẹ́ kù, pa á rẹ́ kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá di dandan kí o kọ sínú fáìlì àtijọ́, pe `os.fchmod(fd, 0o600)` kí o tó kọ lẹ́tà kan sínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn `fchmod` torí fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Orúkọ ni `os.chmod` ń tẹ̀ lé, orúkọ sì lè jẹ́ symlink, ìyẹn orúkọ tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì tó wà níbòmíràn.

PermissionError, ìyẹn àṣìṣe tí Python ń jù tí o kò bá ní àṣẹ, oríṣi méjì ló wà, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Errno 1 túmọ̀ sí pé ìwọ kọ́ lo ni fáìlì; kódà bí o bá lè kọ sínú rẹ̀, àṣẹ rẹ̀ kò ṣeé yí padà àfi fún ẹni tó ni ín tàbí root, ọ̀gá àgbà orí server. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fi sudo, ìyẹn agbára root, dá fáìlì náà nígbà kan. Errno 13 ní tirẹ̀, fódà kan lójú ọ̀nà ni kò fún ọ ní x, tó jẹ́ àṣẹ àtiwọlé tó bá jẹ́ fódà. Ìdí nìyí tí fódà fi ń gba 0o700: tó bá wà ní 0o600, o lè rí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, o ò ní lè ṣí ìkankan.

Lórí Windows, àmì má-kọ-sí-i nìkan ni `os.chmod` lè fi sí i tàbí yọ, kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kíkà.

Mo wò ó bóyá ó dúró: `oct(stat.S_IMODE(os.stat("onibara.csv").st_mode))`, ó dá `'0o600'` padà. Àwọn ẹ̀dà alẹ́ tó ti kọjá ṣì wà ní 644 nínú fódà `afipamo`, torí kóòdù tuntun kì í kàn wọ́n. Mo fi `for p in Path("afipamo").glob("*.csv"): p.chmod(0o600)` ti gbogbo wọn pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.